Ihò Inú Ọgbà Ntate Letlatsa

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1966, ni Lesotho gba òmìnira. Nínú gbogbo orílẹ̀-èdè olómìnira tó wà láyé, òun nìkan ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ pátá ga ju ojú òkun lọ ní ẹgbẹ̀rún mítà ó lé. Ibi tó rẹlẹ̀ jù níbẹ̀ ni ibi tí odò Makhaleng ti wọnú odò Senqu, ibẹ̀ náà sì ga tó egbèje mítà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé mẹ́ta kí n tó kọ ọ́ síbí, torí pé Ntate Letlatsa Phakoe, Bàbá Letlatsa nìyẹn, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, ohunkóhun tó bá sì ti ẹnu Ntate Letlatsa jáde, ó yẹ kéèyàn fi omi ṣàn án kó tó gbé e mì.

Ní abúlé Ha Sekoati, nítòsí ibi tí odò méjèèjì ti pàdé, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Letlatsa bí kò bá sí níbẹ̀. Ǹjẹ́-Ẹ-Mọ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí àwọn yòókù bá pàdé lọ́nà, "Khotso" ni wọ́n máa ń sọ, àlàáfíà nìyẹn, wọ́n á sì kọjá. Ntate Letlatsa kì í kí èèyàn. Ó máa ń là wọ́n lóye ni.

"Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ló yí wa ká, bí funfun ẹyin ṣe yí pupa rẹ̀ ká?" Obìnrin tó wá tọrọ iyọ̀ ló sọ ìyẹn fún.

"Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé yìnyín ń bọ́ nílẹ̀ wa, táwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá yọ̀ lórí rẹ̀ bí ọmọdé?" Ọkùnrin tí àgùntàn mẹ́ta kú mọ́ lábẹ́ yìnyín yẹn gan-an ló sọ èyí fún.

Níbi ìsìnkú kan, wọ́n ní kó sọ ọ̀rọ̀ méjì nípa olóògbé. Ó sọ̀rọ̀ nípa òkè Thabana Ntlenyana fún ìdajì wákàtí. "Mítà 3,482!" ló ń pariwo, ó nawọ́ sókè. Olóògbé náà, èèyàn kúkúrú kan báyìí, sùn jẹ́ẹ́ nínú pósí, kò bá a jiyàn.

Ìwé-ń-rìn-kiri, ọmọ Mo-ti-mọ̀-tẹ́lẹ̀! A-tú-orílẹ̀-èdè-bí-ẹní-tú-àgbò!

Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Nínú ìmọ̀ mẹ́wàá tó bá kó sílẹ̀, méje jẹ́ òótọ́, méjì fara jọ òótọ́, ìkẹwàá a sì máa jẹ́ nípa òun fúnra rẹ̀. Ìkẹwàá náà ni pé òun wà lára àwọn tó wọn ilẹ̀ Lesotho láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo lọ bi wọ́n léèrè níbi tó ti ṣiṣẹ́. Yàrá tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí ló tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún ọdún méjìlélógún.

"Ntate, ṣé ẹ gun orí òkè náà ṣá?"

"Ẹ̀rọ ìwọ̀n gùn ún."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

"Ta ló ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀rọ?"

Mo gbọ́dọ̀ sọ tẹnu mi. Ìtàn kan wà tó máa ń sọ tó dùn, òótọ́ sì ni bí àwọn àgbà ṣe gbà á sílẹ̀. Láyé ìyàn ńlá, àwọn ajẹ̀nìyàn pa bàbá bàbá Ọba Moshoeshoe jẹ. Nígbà tọ́wọ́ tẹ̀ wọ́n, ọba kò pa wọ́n. Ó ní ikùn wọn ni ibojì bàbá òun àgbà, a kì í sì í ba ibojì jẹ́. Ó fún wọn ní màlúù, ó fún wọn nílẹ̀. Ntate Letlatsa a máa sọ èyí gẹ́lẹ́ nígbà táwọn èèyàn bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹran. Ẹran tó bá ṣẹ́ kù di tirẹ̀.

*

Oṣù kẹta ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Morena Makhauhelo, obìnrin tó jẹ́ olórí abúlé, pe pitso, ìpàdé gbogbo ìlú, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà màlúù. Ó fi àlejò kan hàn wá: Ausi Nkhopoleng, Arábìnrin Nkhopoleng nìyẹn, awọnlẹ̀ láti olú ìlú, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í sọ ju ohun tó bá rí.

"Ẹ̀yin òbí mi," ló wí, "gbogbo orílẹ̀-èdè ló ní ibi tó rẹlẹ̀ jù. Tiwa ló ga jù nínú gbogbo wọn. Ọ́fíìsì wa fẹ́ gbé òkúta àmì síbẹ̀. Òkúta ò sì lè dúró sínú odò, torí náà ilẹ̀ gbígbẹ tó bá rẹlẹ̀ jù lábúlé yín la máa gbé e sí. A máa fa omi ẹ̀rọ débẹ̀ fún àlejò àti fún yín. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni o."

Bó ṣe dárúkọ omi ẹ̀rọ, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan, 'M'e Mamokhali.

Opó ni, ó ti lé láàádọ́rin ọdún, ilé rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Odò wà nítòsí rẹ̀, àmọ́ omi odò yẹn pọ́n bí ẹrẹ̀ tí wọ́n pò fún ògiri. Ìsun tó wà lókè ni gbogbo abúlé ti ń mu. Láràárọ̀ ni 'M'e Mamokhali ń gbé garawa gòkè, tó tún ń gbé e sọ̀, orúnkún rẹ̀ a máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ tó bá ń kọjá níwájú ilé Ntate Letlatsa.

Ntate Letlatsa dìde. Ó tún kúbùsù tó dà bora bí agbádá dè, ìlà rẹ̀ nàró ṣánṣán. Ó wúkọ́.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ọgbà mi ni ibẹ̀."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ọkùnrin yìí ti ń sọ pé ilé òun ga débi pé òun lòun kọ́kọ́ ń rí òjò.

"Ntate, òjò tẹ́ ẹ máa ń kọ́kọ́ rí ńkọ́?" ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

"Ojú nìyẹn. Ìmọ̀ ni mò ń sọ báyìí."

Ní pitso, kò sẹ́ni tí wọ́n lè mú nítorí ọ̀rọ̀ tó bá sọ níbẹ̀. Àṣà ilẹ̀ wa ni. 'M'e Mamokhali di igi ọgbà màlúù mú, ó dìde.

"Ntate Letlatsa, tí òjò bá rọ̀, háhá àgbàdo ilé yín ló máa ń wá kan ilẹ̀kùn mi. Háhá tèmi ò tíì gòkè wá kí yín rí."

"Omi ò lọ sí yunifásítì, 'M'e."

"Síbẹ̀ ó mọ ọ̀nà ilé mi."

Morena Makhauhelo gbá ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní lọ́jọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbà yẹn, Ausi Nkhopoleng máa padà wá pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ bá sọ labẹ gé.

Mo tẹ̀ lé Ntate Letlatsa délé. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi òkúta ṣe. Ó nàka sí abẹ́ igi písì: ibẹ̀ ni àga tí òun á ti máa la àlejò lóye máa wà. Ó nàka sí ẹnu ọ̀nà: ibẹ̀ ni géètì onírin máa wà. Ẹ̀rọ omi máa wà nínú géètì, kọ́kọ́rọ́ máa wà lápò òun. Ọdún méjìlélógún! Kọ́kọ́rọ́ ti wọ ọkùnrin náà lẹ́jẹ̀.

"'M'e Mamokhali ńkọ́?"

"Ó lè máa wá pọn omi. Tó bá kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀."

*

Ìṣòro kan ló kù. Ẹni tó ní ojú méjì kò nílò ẹ̀rọ kó tó mọ̀ pé ọgbà Ntate Letlatsa ga ju ẹnu ọ̀nà 'M'e Mamokhali lọ. Ọgbọ́n sì wà nínú ọlọ́gbọ́n. Bí ilẹ̀ bá kọ̀ tí kò rẹlẹ̀, a ó kọ́ ọ bó ṣe ń rẹlẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, 'M'e Malineo, ti lọ sí Mafeteng lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ìwọ̀n, ọmọ wọn obìnrin ló bímọ. Kò dágbére fún àwọn ará ilé kejì, torí ọkọ̀ ti ń fẹ́ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Ntate Letlatsa mú díígà àti ṣọ́bìrì, ó lọ sínú ọgbà esùsú tó yí ilé rẹ̀ ká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ gígùn, ó gbẹ́ ẹ tóóró, kí ẹ̀rọ àti ẹnì kan lè dúró sí i. Ó dojú rẹ̀ kọ ìlà oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ lè wọ ibẹ̀ dáadáa.

Ẹ gbọ́ o. Nílẹ̀ wa, ihò gígùn, ihò tóóró, ihò tó dojú kọ ìlà oòrùn, nínú ọgbà ọkùnrin tí wọn ò rí ìyàwó rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin, orúkọ kan ṣoṣo ló ní.

Esùsú ọgbà náà ga ju orí èèyàn lọ. Kò ga ju orí ẹni tó jókòó lórí ẹṣin lọ. Ìmọ̀ kan ṣoṣo tí Ìwé-ń-rìn-kiri kò ní nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ntate Tsoloane, alága ẹgbẹ́ ìsìnkú, gun ẹṣin rẹ̀ kọjá. Ó wo ọwọ́ òsì, ó rí òkìtì erùpẹ̀ pupa, ó rí Ntate Letlatsa nínú ihò títí dé àyà. Ó ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀.

"Khotso, Ntate."

Ntate Letlatsa fò bí ẹni tí àkekèé ta.

"Ntate Letlatsa… ta ni?"

"Ta ni kí ni?"

Ntate Tsoloane wo ilé. Ilẹ̀kùn tì, èéfín ò jáde. "'M'e Malineo dà?"

Ọ̀rọ̀ kan péré, "Mafeteng", ni ì bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Àmọ́ bó bá sọ ibi tí ìyàwó wà, wọ́n á ní kó sọ ohun tí ihò wà fún. Ntate Letlatsa sorí kọ́.

"Bí o bá fẹ́ràn mi, Ntate Tsoloane, má bi mí ní nǹkan kan. Má sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tó ní ká má bi òun, a kì í bi í mọ́. Ntate Tsoloane fi àkẹtẹ̀ lé àyà, ó yí ẹṣin padà wọ́ọ́rọ́. Ní ti pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, alága ẹgbẹ́ ìsìnkú ni. Sísọ fún èèyàn gan-an niṣẹ́ rẹ̀.

Kó tó di ọ̀sán, ọkùnrin mẹ́fà ti dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì.

"A kì í jẹ́ kí ọlọ́fọ̀ dá ilẹ̀ gbẹ́," ni wọ́n wí.

Ntate Letlatsa la ẹnu láti lé wọn. Ó wo ṣọ́bìrì mẹ́fà. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti lé ròrò. Ó pa ẹnu dé, ó jáde nínú ihò, ó gbà wọ́n láyè.

Àwọn kan ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Nínú ọgbà kẹ̀?" Àwọn mìíràn dá wọn lóhùn pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ nìyẹn, ọkùnrin náà fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ débi pé kò fẹ́ kó jìnnà sóun. Akọ̀wé Morena pe fóònù 'M'e Malineo lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé. Ìyẹn ló wá fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Èmi bi wọ́n pé ilé ìwòsàn wo ló kú sí. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n fi ẹran kún ẹran òun níbi ìsìnkú.

"Ó ti tó báyìí, Ntate," ni ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́lẹ̀ wí. "Ẹsẹ̀ mẹ́fà ti pé."

"Ẹ tún lọ sísàlẹ̀."

"Ntate, òkú ò ní sá jáde."

"Ẹ tún lọ sísàlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Erùpẹ̀ ni.

"Ìfẹ́ rèé o," ni ọkùnrin náà sọ fún ẹnì kejì rẹ̀, ó nu imú. "Ìyàwó tèmi ò gbọdọ̀ gbọ́ èyí, kò ní jẹ́ kí n sùn."

Àwọn obìnrin kó ìyẹ̀fun àgbàdo dé, wọ́n fa àgùntàn dé, wọ́n tẹ́ ibùsùn ọlọ́fọ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá. Nírọ̀lẹ́, 'M'e Mamokhali dé. Garawa omi ìsun wà lórí rẹ̀. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó padà lọ pọn èkejì. Orúnkún, kẹ̀kẹ̀kẹ̀.

"Ẹ mu omi, Ntate," ló wí. "Ọ̀rọ̀ òkúta àti ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ ká gbé e tì ná. Nígbà tí ọkọ mi kú, 'M'e Malineo ló sùn tì mí fún ọjọ́ méje."

Mo ní ibi tó ti máa jẹ́wọ́ nìyí. Ó gba ife, ó mu ún tán. Ó gba èkejì.

"Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé omi ìsun yìí…" ló bẹ̀rẹ̀. Ó rántí pé ọ̀fọ̀ ń ṣe òun, ó tún sorí kọ́.

*

Ọjọ́bọ̀ pé. Orin ìsìnkú ń lọ ní ohùn mẹ́rin, ìkòkò ń hó, Morena Makhauhelo jókòó lórí àga, aṣọ dúdú wà lórí rẹ̀. Gbogbo abúlé ń dúró de òkú tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ọkọ̀ Ausi Nkhopoleng ló kọ́kọ́ dé.

Irọ́ a máa lọ fún ogún ọdún kí òótọ́ tó bá a. Ti Ntate Letlatsa kò tíì lo ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Bó ṣe rí ẹ̀rọ ìwọ̀n léjìká Ausi Nkhopoleng, ó ju kúbùsù ọ̀fọ̀ nù, ó sáré pàdé rẹ̀ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti òkè òkun dé.

"Ausi! Ẹ wá wọ̀n ọ́n! Ó ti ṣe tán!"

Orin já láàrin. Ausi Nkhopoleng rí aṣọ dúdú, ó rí ìkòkò, ó tẹ orúnkún díẹ̀. "Ẹ kú àràfẹ́rakù, Ntate."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀! Ẹ gbé ẹ̀rọ wá. Ibí ni ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ ní gbogbo Lesotho!"

"Ntate, ibojì ni mò ń wò yìí."

"Ibojì kẹ̀? Ta ló sọ pé ibojì ni? Ọgbà mi ni! Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn!"

Àwọn ọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n bá Ọlọ́run dá a wo àtẹ́lẹwọ́ wọn.

Kí ẹnikẹ́ni tó rí ohun sọ, Ntate Letlatsa ti gbé àkàbà sínú ihò, ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti lọ di ọ̀pá ìwọ̀n mú. Àsìkò yẹn gan-an ni takisí Mafeteng dúró lójú ọ̀nà. 'M'e Malineo sọ̀ kalẹ̀, báàgì lọ́wọ́ kan, agbọ̀n písì lọ́wọ́ kejì. Ó rí èrò nínú ọgbà rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ọmọlúàbí obìnrin ni: ó gbé ẹrù sílẹ̀, ó fa kúbùsù borí, ó sì gbé orin ìsìnkú náà níbi tí wọ́n ti já a sílẹ̀, ohùn rẹ̀ ròkè lálá.

Ó kọ ẹsẹ kan tán kó tó rí i pé òun nìkan ló ń kọrin. Ó tẹ̀ sọ́dọ̀ 'M'e Mamokhali.

"'M'e, ta ló kú?"

'M'e Mamokhali wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ ni."

"Èmi?"

"Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

'M'e Malineo fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀, ó fọwọ́ kan apá. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo ọwọ́ nà sí ihò. Orí àkàbà kan péré ló ń hàn.

Morena Makhauhelo dìde, ó wá dúró létí ihò. "Letlatsa, pitso rèé. Sọ̀rọ̀."

"Morena, mi ò sọ pé ó kú," ni ohùn náà wí látìsàlẹ̀. "Wọn ò bi mí."

"Mo bi ọ́!" ni Ntate Tsoloane ké.

"Ibi tó wà lo bi mí. O ò bi mí bóyá ó ń mí."

"Ìyẹ̀fun tá a kó wá ńkọ́? Àgùntàn ńkọ́?"

"Ìfẹ́ inú yín ni. Ta ni mí tí màá fi dí yín lọ́wọ́ ìfẹ́?"

Ariwo sọ. Morena gbọ́wọ́ sókè títí ó fi rọlẹ̀. "Ìwọ lo máa ń sọ fún wa," ló wí, "pé ọba wa dá àwọn ajẹ̀nìyàn sí kó má bàa ba ibojì jẹ́. Gbogbo ìgbà tó o sọ ọ́ la fún ọ lẹ́ran. Ìwọ lo wá gbẹ́ ibojì fún alààyè torí ẹ̀rọ omi. Ausi, ẹ wọn ilẹ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́."

Ausi Nkhopoleng wọn ọgbà. Ó sọ̀ lọ wọn ẹnu ọ̀nà 'M'e Mamokhali. Ó padà dé, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó kà á jáde láìgbé ojú sókè: ọgbà Ntate Letlatsa fi mítà mẹ́rin ga ju ẹnu ọ̀nà 'M'e Mamokhali lọ.

"Àti ihò!" ni ohùn náà bẹ̀bẹ̀. "Ẹ wọn ihò!"

Wọn kì í wọn ihò. Àánú ló ṣe Ausi Nkhopoleng tó fi wọ̀n ọ́n. Ihò náà jìn ní mítà méjì ààbọ̀.

"Ó ṣì fi mítà kan ààbọ̀ ga ju ti 'M'e," ló wí. Ó pa ìwé dé. "Nísàlẹ̀ ni òkúta ń lọ. Ẹ̀rọ omi náà."

'M'e Mamokhali kò hó, kò jó. Ó jókòó sórí garawa òfìfo rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, ó ń fọwọ́ pa orúnkún.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kù. Papa, òkèlè àgbàdo wa, ti jinná, ẹran ti rọ̀. Ntate Tsoloane wí pé nínú gbogbo òfin ẹgbẹ́ ìsìnkú, kò sí ibi tó sọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí òkú bá ti Mafeteng dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó bi 'M'e Malineo léèrè.

"Òkú ti fọwọ́ sí i," ni 'M'e Malineo wí. "Ẹ máa jẹun."

Wọ́n yà lọ sídìí ìkòkò. Ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́lẹ̀ rántí pé òun ló ni àkàbà náà. Ó fà á yọ, ó gbé e kọ́ èjìká, ó lọ gba papa tirẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni ohùn náà tún wí látìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́ báyìí. "Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé…"

"A mọ̀!" ni gbogbo abúlé dáhùn.

'M'e Malineo nìkan ló wá síbi ihò. Ó mú písì kan nínú agbọ̀n, ó nù ún mọ́ kúbùsù, ó gé e jẹ. Ó wo gígùn ihò náà, ó wo ìbú rẹ̀, ó wo ìlà oòrùn tó dojú kọ.

"Ntate Letlatsa, ihò yìí ńkọ́? Ṣé kí wọ́n dí i, àbí ká kúkú fi í sílẹ̀ dè yín?"